Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ohun tójú yín ti rí ṣe ìpinnu tó kàn

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n pé ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó máa ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó jìn sí kòtò yẹn gan-an ńkọ́, kí lòun rí kọ́? Torí mo ti rí èèyàn tó jìn sí kòtò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá ń pariwo lẹ́ẹ̀kẹta pé ayé ń bá òun jà, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí nǹkan ṣẹlẹ̀ séèyàn lọ́tọ̀, kéèyàn rí ẹ̀kọ́ mú níbẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo ṣe ń mú un ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ó ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù tó pọ̀, ó sì wù mí kó gba ẹlòmíì náà.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, Kubwa níbí ní Àbújá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àmọ́ Jọ́s ni wọ́n bí mi sí, àwọn òbí mi wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ nídìí òwò lókè Ọya. Mo sọ iṣẹ́ mi torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan yìí. Téló tó mọṣẹ́ kì í fi orí gé aṣọ. Mo ní oníbàárà kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti bí ọdún mẹ́jọ, tẹ́ ẹ bá jí mi lóru mo lè ka ìwọ̀n èjìká ẹ̀ fún yín, síbẹ̀ tó bá gbé léèsì wá, màá ṣí ìwé ìwọ̀n, màá wò ó, màá tún na tépù sí i lára, torí aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣe é gé padà. Ọjọ́ kan ni mo wá bi ara mi pé kí ló dé tí mò ń ṣe báyìí fún aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tí mi ò sì ṣe é fún ayé tèmi. Owó, ilé, ọ̀rẹ́, iléèwé ọmọ, orí lásán ni mo fi ń gé gbogbo ẹ̀.

Orí sì ń parọ́ o. Kì í ṣe pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, ó kàn máa ń tún ìtàn rán ni. Tí nǹkan bá bàjẹ́ tán, èèyàn á ní "ọkàn mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀", tó bá dáa á ní "mo ti mọ̀ pó máa rí báyìí". Ẹ lọ wo ohun tó sọ lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣe é, ẹ ò ní bá ìkankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé lẹ máa kọ́kọ́ ní. Ìwé ọmọ iléèwé lásán, eléwé 60, ni mo rà lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹ ò nílò nǹkan olówó ńlá. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ṣe ìpinnu tó ní láárí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ KẸ́ Ẹ TÓ ṢE É. Ẹ kọ déètì. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe àti ìdí ẹ̀, ìdí tó wà nínú yín gan-an o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa sọ fáwọn èèyàn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pó máa ṣẹlẹ̀, tó bá jẹ́ owó ẹ kọ iye, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ kọ oṣù. Ẹ wá kọ bí ara yín ṣe rí lásìkò yẹn, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni, ṣé ebi ń pa yín, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹnì kan jà, ṣé ẹnì kan ń kán yín lójú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo jèrè ẹ̀ jù, màá dé orí ẹ̀ láìpẹ́.

Tí ìwé kíkọ ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi fóònù ṣe é. WhatsApp gbà kéèyàn fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí ara ẹ̀, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀ bíi fọ́ìsì nóòtù, ìṣẹ́jú méjì ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jọ́s, inú mọ́tò ló ti máa ń ṣe tiẹ̀. Ẹ má ṣáà gbé e sí status, torí ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹlòmíì máa gbọ́, ẹ ò ní lè sọ òótọ́ ẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi dédìí ìwé yẹn. Lóṣù kìíní 2019 mo sanwó ṣọ́ọ̀bù kan, owó ọdún kan gbáko, pẹ̀lú owó àjẹ́ńtì àti owó àgíríméǹtì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àbújá. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ gbẹ, eruku wà lórí gbogbo nǹkan, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Inú mi dùn débi pé ọjọ́ yẹn náà ni mo kó màṣíìnì wọlé. Nígbà tó di oṣù keje, òjò kan rọ̀ láti òru mọ́jú. Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, omi ya lé mi lẹ́sẹ̀. Ankárá èèyàn mẹ́fà wà nílẹ̀ nínú báàgì, gbogbo ẹ̀ ti mumi, aró ọ̀kan ti ṣí sára ìkejì, omi sì ti wọ mọ́tò màṣíìnì mi kan. Nígbà tí omi fà tí mò ń fọ ilẹ̀ ni mo sún tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ni mo bá rí i. Láti ilẹ̀ dé bí orúnkún mi, ọ̀dà ara ògiri yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òkè, wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, àmì omi kan sì ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀ bí ìgbà tí tíì bá dà sára aṣọ funfun. Láti oṣù kìíní ló ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé tábìlì tì í.

Mẹ́ruwà tó máa ń ti omi kọjá níwájú wa wá bá mi kẹ́dùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ní ẹni tó lo ibẹ̀ ṣáájú mi, irun ló ń ṣe, omi yìí náà ló lé e. Ká ní mo bi í lóṣù kìíní ni, ì bá ti sọ fún mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ mú níbẹ̀ ni pé ìkà ni láńlọ́ọ̀dù yẹn. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó bi mí àtẹni tí ò bi mí. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, àmọ́ kò wúlò fún mi, torí mi ò tún ní gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ láyé mi. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa: ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ pé irú èèyàn tí ẹnì kan jẹ́ ló ń sọ, kò tíì di ẹ̀kọ́, ìbínú ṣì ni. Ẹ bi ara yín pé tí irú ẹ̀ bá tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́la, kí lọwọ́ mi máa ṣe? Kí lojú mi máa wò? Ta lẹnu mi máa bi? Tèmi wá di pé mi ò ní sanwó ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù láìwo ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ti ògiri, màá sì bi èèyàn mẹ́ta tí ò ní jẹ nínú owó náà, bíi mẹ́ruwà, ẹni tó ń dín àkàrà lójú títì ibẹ̀, àtẹni tó wà nílé kejì. Lọ́dún 2022 tá à ń wálé, ilé kan wù wá gan-an, ọkọ mi ti ń mú fóònù jáde láti tiránsífà owó, mo ní kó fún mi níṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo lọ ra àkàrà. Ìyá yẹn wo ilé náà, ó wo mí, ó ní "Ìyàwó, ṣé ẹ ní bàtà òjò?" A ò gbà á.

Ìwé yìí ò wúlò tẹ́ ẹ bá kàn ń kọ tẹ́ ẹ ò kà á. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni tèmi, ọ̀sán Sunday tílé bá dákẹ́. Mo máa ka èyí tó ti pẹ́, màá fi báírò pupa kọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo ti ṣe é bí ọdún mélòó kan ni mo rí nǹkan tó jẹ́ kí n jókòó pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rán aṣọ ẹbí fún èèyàn láìgba àdífáàǹsì tówó sì há, ẹnì kan jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kan jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kẹta mi ò mọ̀ ọ́n rí rárá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ronú, àwọn èèyàn yìí ni mò ń wò, mò ń wá ohun tí wọ́n fi jọra kí n lè mọ irú oníbàárà tí mo máa sá fún, wọn ò sì jọra. Ohun tó jọra ni èyí tí mo kọ nípa ara mi: alẹ́ ni, orí fóònù ni, oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá ni, "ó ti rẹ̀ mí" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara tó ti rẹ̀ ò lè jiyàn owó. Ó kàn fẹ́ kí ìpè yẹn parí kó lè sùn ni. Látọjọ́ yẹn, ẹni tó bá pè mí lórí ọ̀rọ̀ owó lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, màá ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, màá pè yín padà láàárọ̀", àárọ̀ ni mo sì máa ń pè lóòótọ́. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó kù ń sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ohun tó dáa náà, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu pọ̀ sí. Lóṣù kẹrin 2023 mo ra màṣíìnì ńlá kan. Lóṣù kẹfà, CBN tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye tó jẹ́, dọ́là fò sókè, gbogbo nǹkan tó ń tòkèèrè wá gbówó lórí, irú màṣíìnì tí mo rà náà gbówó lórí. Mo wá ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé mo lójú ọjà, mo sì gbà á gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi yáwó lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti kó léèsì pa mọ́, pé ó máa wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó wọ́n kọjá agbára àwọn tó ń bá mi rà, èlé ń gun owó tí mo yá, mo padà tà á ládàánù. Ìgbà yẹn ni mo ṣí ìwé wo ohun tí mo kọ lóṣù kẹrin 2023. Ẹ wò ó: "Èyí tí mò ń lò ti ń já òwú jù, ìgbéyàwó méjì wà níwájú, mi ò fẹ́ kójú tì mí." Kò sí dọ́là níbẹ̀. Kò sí náírà. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, mo wá sọ ọ́ di ọgbọ́n ara mi. Nítorí náà tí nǹkan bá dáa, ẹ wo ìwé bóyá ìdí tẹ́ ẹ kọ ló jẹ́ kó dáa. Tó bá yàtọ̀, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ má gbé nǹkan lé e lórí. Bákan náà ni tó bá bàjẹ́. Lóṣù kejì 2023 yẹn tówó bébà dàwátì, iṣẹ́ kan tí mo ṣètò ẹ̀ dáadáa dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ torí mi ò rówó ra òwú àti síìpù. Mo ka ètò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò lábùkù, mo ṣì ń lò ó dòní.

Ara èèyàn sì máa ń yí padà, ìdí tá a fi ń wọn oníbàárà lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn. Ọmọge tí mo wọ̀n lọ́dún 2018 ti bímọ méjì báyìí. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀kọ́ àtijọ́ rí. Nígbà kan mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa pé kí n wà ní Kubwa kí n máa wọkọ̀ lọ Wuse lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti lọ gba iṣẹ́ àti láti ra ọjà, ó dáa ju kí n gbaṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, 29 May 2023, epo tó wà nísàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, lóṣù keje ó ti kọjá ₦600. Owó mọ́tò tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ mo ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko, torí "mo ti mọ̀ ọ́n". Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé lábẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mo máa ń kọ ohun tó dúró lé: "èyí dúró lórí pé owó mọ́tò ò ju báyìí lọ", "èyí dúró lórí pé ìyá mi ṣì ń bá mi tọ́jú ọmọ". Tí nǹkan yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ pé mo ní láti na tépù.

Ohun míì ni kí ẹ̀kọ́ má fẹ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé Àbújá mọ ohun tá à ń pè ní wan chance, mọ́tò tó ń kó èrò lẹ́bàá títì tó jẹ́ pé olè ló jókòó sínú ẹ̀. Mo wọ ọ̀kan ní Berger nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbowó, wọ́n já mi sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀, mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè. Ẹ̀kọ́ tí mo mú nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé mi ò ní sí níta mọ́ tó bá ti lu aago mẹ́fà. Mo tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ọdún kan, mo pàdánù àwọn oníbàárà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ráyè. Nígbà tẹ́rù náà rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo tó lè jókòó kọ bó ṣe lọ gan-an, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Mi ò wọkọ̀ ní páàkì. Ọkùnrin méjì ti wà lẹ́yìn, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ pé kí n wọ àárín. Mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni pé mo ti wọkọ̀. Kò sóhun tó kan aago mẹ́fà nínú ẹ̀, torí wọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀kọ́ yẹn wá di mẹ́ta kéékèèké tó ṣe é gbé rìn: páàkì ni màá ti wọkọ̀, màá fi nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí ọkọ mi kí n tó jókòó, ẹni tó bá ní kí n wọ àárín, màá dúró de òmíì.

Èyí tó tún le jùyẹn lọ ni ká dá ẹ̀kọ́ lé ẹ̀yà. Lókè Ọya níbí, a wà pọ̀ ni, Hausa, Gbagyi, Igbo, Ìgalà, Tiv, gbogbo wa. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kó aṣọ oníbàárà sá lọ, ẹ̀yà míì ni, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé mi ò ní gba ọmọ wọn mọ́ láé. Ìyá mi tó ti gbé Jọ́s pẹ̀lú oríṣiríṣi èèyàn ju ọjọ́ orí mi lọ, ó kàn bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ti jà mí lólè ńkọ́, ṣé mo ti lé gbogbo Yorùbá? Mo wá padà sídìí ìwé. Oṣù méjì ṣáájú, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò tíì fún ọmọ yẹn lówó oúnjẹ tá a jọ ṣàdéhùn, pé "á yé e". Ìyẹn ò sọ olè jíjà di ohun tó dáa. Àmọ́ ibẹ̀ lèyí tọ́wọ́ mi lè ṣe wà, kò sí lára ẹ̀yà ẹ̀. Ká ní mo dúró lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni, bóyá mi ò bá má ti gba ọmọ Kano tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ọ̀nà ara agbádá láàyè wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ tó tiẹ̀.

Ẹ kọ èyí tó lọ dáadáa náà pẹ̀lú ìdí ẹ̀. Àjọ tá à ń dá, àwa obìnrin mẹ́jọ, ó ti pé ọdún mẹ́rin tẹ́nikẹ́ni ò sá. Mo rò pé torí a jọ ń gbàdúrà ni. Ìwé sọ fún mi pé mo kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo wọn ni mo mọ ṣọ́ọ̀bù wọn. "Ṣé mo mọ ṣọ́ọ̀bù gbogbo wọn?" Ìbéèrè yẹn ni mò ń fi dán àjọ míì wò.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí mi ò ní kẹ́ ẹ wá ẹ̀kọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lára, ẹ jẹ́ kó sunkún ná. Nígbà tí bàbá mi kú mo kọ ojú ewé mẹ́rin nípa gbogbo ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo kà á lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, ìrora ló ń fẹ̀sùn kàn mí.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má gba ìmọ̀ràn o. Ọmọdé tó láṣọ tó àgbà kò lè ní àkísà tó àgbà, iṣẹ́ mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe ń bi wọ́n ló ṣe kókó. Tẹ́ ẹ bá bi àgbà pé "kí ni kí n ṣe?", ẹjọ́ yín ló máa dá, kò sì mọ ẹjọ́ yín tán. Ẹ bi wọ́n pé "nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí yín mà, kí lẹ rí? Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ kejì?" Àkísà gan-an ni wọ́n máa kó jáde fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wá wo èyí tó bá ara yín mu.

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan fẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Gwarinpa. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Mo ka mẹ́ta tó jọ ọ́ nínú ìwé, mo kọ ohun tó jọra sápá òsì, mo kọ ohun tó yàtọ̀ sápá ọ̀tún, owó mọ́tò wà lápá ọ̀tún, àwọn ọmọ mi tó ti dàgbà wà lápá ọ̀tún. Níbi tí mo ti ń kọ bí ara mi ṣe rí, mo kọ ọ́ pé inú mi ti ń dùn jù, mo fàlà sábẹ́ ẹ̀. Àjẹ́ńtì ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kílẹ̀ lè gbẹ díẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀, mo sì ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí i pé aago méje àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ wá wò ó.